Ọjọ́ Tí Àwọn Ẹyẹ Ẹ̀gà Kọ̀ Láti Dákẹ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ẹyẹ ẹ̀gà.

Ní ọjọ́ kan, ìjì wó igi tí gbogbo ẹbí ẹ̀gà ń gbé. Wọ́n fọ́n ká. Ìyá wọn, arúgbó, bà sórí ọ̀pẹ kan, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ wá ibùgbé. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí àgbàdo bá ti gbó, ẹ padà wá síbí. Kí kálukú wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Àgbà á sọ tirẹ̀, àbúrò á tẹ̀ lé e. Wọ́n á sì kó àgbàdo wá fún ìyá.

Ta ló ń wo àgbàdo yẹn nísàlẹ̀? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ìjàpá ni.

Nígbà tó di ọdún kan, Ìjàpá jókòó sídìí ọ̀pẹ, ó lejú koko. "Ẹ rọra o! Ara ìyá yín kò yá. Ariwo kan péré, ẹ̀mí á bọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò gòkè. Ẹ kó àgbàdo sílẹ̀, n ó bá yín jíṣẹ́."

Wọ́n gbà. Ọdún kìn-ín-ní, wọ́n dákẹ́. Ọdún kejì, wọ́n dákẹ́. Ìjàpá ń sanra.

Ní ọdún kẹta, Àwẹ̀ró, àbíkẹ́yìn ìyá, dé. Àgbẹ̀ kan ti gé ẹ̀ka tí Àwẹ̀ró kọ́lé sí. Ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, tí kò tíì lè fò, wà nínú koríko. Òjò sì ti ṣú.

"Bàbá Ìjàpá, ẹ jẹ́ kí n bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka ni mò ń wá."

"Àgbàdo rẹ dà?"

"N kò ní."

"O ò ní àgbàdo, o wá ní ẹnu? Pa á dé!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà rọra sọ ọ́ sí i létí pé, "Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, má pa ìyá wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá tí ìjì kò rí pa, ohùn ọmọ rẹ̀ ni yóò wá pa á? N ò dákẹ́!"

Ó bá kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá, èmi Àwẹ̀ró ni mo dé o,
— Ṣẹ́rẹ́ ṣẹ́rẹ́!
Wọ́n gé ẹ̀ka mi, n ò rílé wọ̀,
— Ṣẹ́rẹ́ ṣẹ́rẹ́!
Ìjàpá ní n dákẹ́, n ò ní í dákẹ́,
— Ṣẹ́rẹ́ ṣẹ́rẹ́!

Ohùn kan dáhùn lókè ọ̀pẹ. "Àwẹ̀ró? O ṣì wà láàyè? Ó di ọdún kẹta tí n kò gbóhùn ọmọ kankan. Mo rò pé gbogbo yín ti kú ni!"

"Ìyá, àgbàdo tí a ń fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Àgbàdo wo?"

Háà! Ẹ̀gbọ́n lanu, àbúrò lanu, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjàpá ń pariwo, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan! Lọ́kọ̀ọ̀kan!" Ta ló gbọ́? Wọ́n fẹnu ṣá a, wọ́n fẹnu ṣá a, ó fa orí wọlé, ó wọ́ lọ.

Kí òjò tó rọ̀, gbogbo ẹbí ti ya imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ti hun ilé fún Àwẹ̀ró, wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Wọ́n sì hun tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gà kì í dúró de ọdún mọ́. Orí igi kan ni wọ́n ń gbé, ojoojúmọ́ ni ìpàdé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n dákẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tó ń jẹ.

Ibi tí mo bá àlọ́ náà dé nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀gà dákẹ́ láàárọ̀ ọ̀la.