Ilé Ìwé Orí Àràbà

Àlọ́ o!

Àlọ̀.

Àlọ́ mi gbéra, ó gun igi lọ, kò rí nǹkan kan lórí igi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọlẹ̀ lọ bá Òkété àti ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ̀yin àgbà tó fẹ̀yìn ti ògiri lọ́hùn-ún, tiyín gan-an ni.

Ní ìgbà kan rí, Òkété kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àwẹ̀ró. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró náà nìyẹn. Ẹ sì mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Nítorí náà, ohun tí Àwẹ̀ró máa kọ́ gba ìyá rẹ̀ lọ́kàn ju oúnjẹ lọ.

Ilẹ̀ ni Ìyá Àwẹ̀ró ń gbẹ́ láti kékeré. Iṣẹ́ náà ti sú u. Bó bá ń lọ lójú ọ̀nà, tí erùpẹ̀ wà ní èékánná rẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ tèmi kò ní gbẹ́ ilẹ̀. Òkè ni ọmọ tèmi máa wà."

Àsìkò yẹn gan-an ni Aáyá dá ilé ìwé sílẹ̀ lórí igi àràbà ńlá kan létí odò. Aáyá yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Ó so táì mọ́ ọrùn, ó ń ti ojúlé dé ojúlé.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ tó bá kàwé nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ náà ni yóò wà. Ẹ gbé ọmọ yín wá sókè. Ìdì ẹyìn kan ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ó parí."

Ìyá Ehoro forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Ọ̀yà forúkọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró sáré lọ sílé lọ kó ẹyìn.

Ìyá tó bí i, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà, jókòó lẹ́nu ihò, ó ń jẹ ẹ̀kùrọ́. Ó ní, "Ṣé o ti dé ibẹ̀ wò?"

"Màmá, ṣé èmi lè gun igi ni? Tísà ti sọ bó ṣe rí fún mi."

"Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Tísà ní òun ò gba ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní wọ́n ya ìpáǹle."

"Ilé ìwé orí igi, kò sí ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀." Màmá Àgbà tu èèpo ẹ̀kùrọ́ dànù. "Ó dáa. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá lọ sí ilé ìwé, máa fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ní nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn án."

Ìyá Àwẹ̀ró gbà, kí ọ̀rọ̀ lè tán ni.

Láràárọ̀, Aáyá á ju okùn sílẹ̀ láti òkè, agbọ̀n á wà ní ìdí okùn. Ọmọ á wọ inú agbọ̀n, Aáyá á máa fà á, àwọn ìyá á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Agbọ̀n ń lọ sókè o,
*Gòkè, gòkè.*
Ọmọ mi ń lọ sókè o,
*Gòkè, gòkè.*
Kò ní bá wa gbẹ́lẹ̀ mọ́,
*Gòkè, gòkè.*

Ọkàn Ìyá Àwẹ̀ró á balẹ̀, á gba oko lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àwọn ìyá kò rí. Bí wọ́n bá ti kẹ̀yìn sí igi báyìí, agbọ̀n kan náà ni Aáyá máa fi sọ àwọn ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn igi. Ihò ńlá ló ń gbẹ́ sábẹ́ gbòǹgbò. Ó fẹ́ kó ẹyìn gbogbo ìlú síbẹ̀, kó máa dá a jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ ló fi ṣe alágbàṣe. Àwẹ̀ró ń gbẹ́, ọmọ Ehoro ń kó erùpẹ̀, ọmọ Ọ̀yà ń dà á sódò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wẹ̀, agbọ̀n á gbé wọn gòkè láti ẹ̀yìn, á sọ̀ wọ́n kalẹ̀ níwájú.

Aáyá ti kìlọ̀ fún wọn: "Ẹ̀kọ́ tí ẹ bá sọ fún ará ilé, kíá ló máa ń sá kúrò lórí. Ẹni tó bá sọ ọ́, òmùgọ̀ ni yóò dà."

Ta ló fẹ́ di òmùgọ̀? Wọ́n panu mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àwẹ̀ró di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Gbogbo èékánná ló pọ́n. "Àwẹ̀ró, kí lèyí?" Ọmọ ń wolẹ̀. Ìyá fà á lọ sí ìdí igi.

"Tísà, kí ló pọ́n báyìí lọ́wọ́ ọmọ mi?"

Aáyá na ọrùn wá láti òkè. "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Àwẹ̀ró. Ṣọ́ọ̀kì ni. Ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé ńlá, pupa ni. Funfun tí ẹ ń rí kiri yẹn, ti àwọn tálákà ni."

"Ó tún ń rù o, Tísà."

"Ìwé ló ń mú un rù. Ọmọ yín ní ọpọlọ, àmọ́ ó nílò lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ àfikún. Ẹ kàn fi ìdì ẹyìn kan lé e."

Ìyá Àwẹ̀ró fi kan lé e. Ó tún wo èékánná ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmọ́ báwo ni ẹni tí kò lè gun igi ṣe máa bá ẹni orí igi jiyàn?

Nígbà tó yá, Aáyá kéde ìdánwò àṣekágbá. Ó ní kí gbogbo òbí wá, kí kálukú kó ìdì ẹyìn mẹ́ta dání. Ihò kò lè gba gbogbo rẹ̀. Ó ní kí Àwẹ̀ró fẹ̀ ẹ́ sí i.

"Tísà, gbòǹgbò ńlá yìí nìkan ló kù. Òun ló di igi mú. Bí mo bá gé e, igi á wó."

"Ta ni tísà igi níbí, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Gé e."

Àwẹ̀ró gé e. Àmọ́ bó ṣe ń gé e, ohun tí Màmá Àgbà fi hàn án lọ́jọ́ ìsinmi ló ń rò.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àwọn òbí jókòó síwájú àràbà. Ìyá Àwẹ̀ró ti fi àdín para, ara rẹ̀ ń dán, Màmá Àgbà jókòó tì í. Aáyá dúró lórí ẹ̀ka, ó tún táì ṣe.

"Ẹ má pariwo. Àwọn ọmọ wà láàárín ewé lókè pátápátá, wọ́n ń kọ ìdánwò."

Irọ́ ni. Inú ihò ni gbogbo wọn wà, wọ́n ń to ẹyìn.

Afẹ́fẹ́ òjò kan ti ìhà odò fẹ́ wá. Igi náà ké kẹ̀ẹ̀. Ó rọra tẹ̀ sẹ́yìn, bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó. Ó wó sínú igbó, gbìì.

Àwọn ìyá sáré sáàárín ẹ̀ka, wọ́n ń pe ọmọ wọn lórúkọ. Ewé nìkan ni wọ́n rí. Ìyá Àwẹ̀ró dúró síbi tí gbòǹgbò ti hú. Ó rí ihò kan tí ilẹ̀ ti wó dí. Ó wo erùpẹ̀ ibẹ̀. Ó pọ́n. Ó pọ́n bí ṣọ́ọ̀kì.

Ó ní, "Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà." Ó dojú bolẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ́ ẹ, lójú gbogbo ayé.

Màmá Àgbà di èjìká rẹ̀ mú. "Rọra. Bó o bá ń gbẹ́ níbẹ̀, wàá wó o lé wọn lórí. Ta ló gbẹ́ ihò yìí?"

Ìyá Àwẹ̀ró tún wo ipa èékánná lára erùpẹ̀. "Ọwọ́ Àwẹ̀ró ni."

"Bó bá jẹ́ ọwọ́ Àwẹ̀ró ni, dìde. Jẹ́ ká lọ sí etí odò."

Wọ́n lọ jókòó sí etí odò. Ìyá Ehoro ń sunkún. Ìyá Ọ̀yà káwọ́ lérí. Ìyá Àwẹ̀ró fi etí lélẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́. Ó tún pẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ, bí ẹni ń họ ilẹ̀ láti inú. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń kọrin bọ̀ nísàlẹ̀:

Ihò mi lójú kejì o,
*Jáde, jáde.*
Màmá Àgbà ló fi hàn mí,
*Jáde, jáde.*

Ilẹ̀ là. Ọmọ Ehoro ló kọ́kọ́ yọrí. Ọmọ Ọ̀yà tẹ̀ lé e. Àwẹ̀ró ló kẹ́yìn, erùpẹ̀ bo gbogbo ojú rẹ̀, eyín nìkan ló funfun.

Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra.

Àwẹ̀ró ní, "Ìyá mi, mi ò gbàgbé ojú kejì, mo gbẹ́ ẹ kọjú sí odò. Màmá Àgbà ní ihò tí kò bá ní ojú kejì, sàréè ni."

Màmá Àgbà ní, "Lẹ́sìn tèmi nìyẹn. Mi ò gba ẹyìn kankan."

Aáyá ńkọ́? Bí igi ṣe ń wó, ó já bọ́, ó fi ìdí balẹ̀ sínú ẹyìn pípọ́n tó kù lẹ́nu ihò. Ẹyìn fọ́, epo rẹ̀ yí i nídìí. Ó wọ odò, ó fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ìyá Ọ̀yà wò ó láti ẹ̀yìn, ó ní, "Tísà, kí ló pọ́n báyìí nídìí yín? Ṣé ṣọ́ọ̀kì ni?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, àti ẹni tó ti ń sunkún tẹ́lẹ̀. Aáyá fi táì sílẹ̀, ó sá wọgbó. Títí di òní, ìdí rẹ̀ ṣì pọ́n. Kálukú kó ẹyìn rẹ̀, kálukú mú ọmọ rẹ̀, ó di ilé.

Lójú ọ̀nà, Ìyá Àwẹ̀ró dúró. "Àwẹ̀ró, mi ò bi ọ́ rí. Kí ni ìwọ fẹ́ kọ́?"

Ọmọ náà rò ó. "Mo fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá Àgbà. Mo tún fẹ́ lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ."

Ó fẹ́ bọ́ lẹ́nu ìyá pé níbo ni òkété ti í lúwẹ̀ẹ́. Ó gbé e mì.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àwẹ̀ró lọ sí adágún Pẹ́pẹ́yẹ. Ó jókòó sí bèbè láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Ó wo bí Pẹ́pẹ́yẹ ṣe ń bá ọmọ tí kò tètè mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Ó wo ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe nígbà tí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, kó lè mọ bó ṣe jìn tó. Ìgbà náà ló wá sọ pé, "Ó dáa. Ọ̀la ni Àwẹ̀ró máa bẹ̀rẹ̀."

Bó ṣe ń padà bọ̀ wálé, erùpẹ̀ wà ní èékánná rẹ̀. Kò ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin òbí, ilé ìwé tí ẹsẹ̀ yín kò lè dé, ẹ má fi ọmọ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ fi ojú ara yín wò ó, kí ẹ sì bi ọmọ léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ibi tó ga ni òkè.

Bí mo bá parọ́, kí àlọ́ mi má lójú kejì. Àmọ́ ó ní. Ibẹ̀ ni mo gbà jáde yìí. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn.