Ògiri tí Ọdẹ́rìndé Mọ Sójú Àpáta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kóra jọ sẹ́yìn yẹn, ṣé ẹ̀pà lẹ wá jẹ ni àbí ìtàn lẹ wá gbọ́? Ẹ sinmi ariwo jàre! Bùrọ̀dá tó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ẹ bá mi jí i. Tí mo bá sọ ọ́ tán, òun ló máa kọ́kọ́ bi mí pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Mi ò ní í tún un sọ o.

Ọkùnrin kan wà nílùú Ìsàlẹ̀-Àpáta tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Àgbẹ̀ ni. Àwẹ̀ró lorúkọ ìyàwó ẹ̀. Orí òkè ni oko gbogbo ará ìlú wà, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì gun òkè ọ̀hún. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, tí odò ìlú gbẹ débi pé omi ẹrẹ̀ ni wọ́n ń mu, Ọdẹ́rìndé yà kúrò lọ́nà kó lè tọ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń tọ̀. Ẹ̀yìn ìtàkùn kan ló ti rí ihò àpáta tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kó tó wọ̀ ọ́. Omi ń sun nínú ẹ̀, ó mọ́ gaara, ewé tútù yí i ká.

Kèrègbè kan ló bu lọ sílé. Bí Àwẹ̀ró ṣe tọ́ ọ wò báyìí, ó ti mọ̀ pé omi yìí kì í ṣe tinú odò.

"Àwẹ̀ró, tó o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, o pa mí."

"Baálé mi, ẹrẹ̀ ni ìyá mi ń mu. Ẹ jẹ́ n bu igbá kan péré fún wọn."

"Tí ìyá ẹ bá mu ún, àbúrò ẹ á béèrè. Tí àbúrò ẹ bá sì mọ̀, ìlú mọ̀ nìyẹn. Ṣé o ti gbàgbé ìsun tá a fi han gbogbo èèyàn lọ́jọ́sí? Ẹsẹ̀ èèyàn àti ẹsẹ̀ màlúù ló tẹ̀ ẹ́ pa. Ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀ báyìí."

Àwẹ̀ró mọ̀ pé òótọ́ ni. Àmọ́ látìgbà náà, tó bá ti gbọ́ tí ìyá ẹ̀ ń wúkọ́ nílé kejì, á yáa gba inú yàrá lọ.

Ọdẹ́rìndé náà ò gbádùn. Tẹ́nì kan bá dúró lọ́nà òkè láti yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, á sáré dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún: "Kí lò ń wá níbẹ̀?" Ẹni tó ń yọ ẹ̀gún á máa wò ó bí ẹni tórí ẹ̀ dà rú. Nígbà tí ìpáyà ò jẹ́ kó jẹun mọ́, ó po amọ̀, ó gé ìtàkùn kúrò, ó mọ ògiri dí ẹnu ihò náà. Ó dá ihò kékeré kan sí ìdí ẹ̀, òkúta ló fi ń dí i, ibẹ̀ ló ń gbà bu omi.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ta ló ń mọ ògiri sójú àpáta níbi tí èèyàn kankan ò gbé? Fádèyí adẹ́mu ń ti oko bọ̀, ó dúró.

"Ọdẹ́rìndé, ṣé ọ̀bọ lò ń kọ́lé fún ni?"

"Àká àgbàdo ni."

"Àgbàdo wo? Lọ́gbẹlẹ̀ yìí? Omi wo lo tiẹ̀ fi po amọ̀?"

Òógùn bo Ọdẹ́rìndé. "Ìtọ̀ mi ni!"

Fádèyí rẹ́rìn-ín títí, ó lọ, àmọ́ ó ń wẹ̀yìn.

Oòrùn mú ògiri náà, ó sán. Ọdẹ́rìndé á rẹ́ ẹ láàárọ̀, á tún là lọ́sàn-án. Àwọn aláǹgbá tí àpáta ń jó lẹ́sẹ̀ gbọ́ òórùn omi, wọ́n ń gba ojú sísán náà wọlé. Lọ́jọ́ kan, Fádèyí àtàwọn àgbẹ̀ mélòó kan jókòó sinmi níbẹ̀. Aláǹgbá kan wọlé tòun ti eruku lára, ó sì jáde tòun ti omi nírù.

"Ẹ wo ìrù aláǹgbá yìí, omi ń kán tó tó lára ẹ̀!" Ọ̀kan nínú wọn ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti ògiri, ó wó lulẹ̀ sínú omi. Ariwo dé ìlú. Kí Ọdẹ́rìndé tó sáré débẹ̀, igbá ti ń kọ lu igbá, ìsun ti di àbàtà.

Àwẹ̀ró tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ló kọjú sí. "Ìwọ ni! Ìwọ lo sọ fún ìyá ẹ! Lọ kó ẹrù ẹ, ilé baba ẹ ni wàá sùn lónìí."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Mo fi ìyá tó bí mi sílẹ̀ kó máa mu ìdọ̀tí nítorí yín! Mi ò sọ o!"

Àwọn tó ń bu omi gbé igbá wọn sílẹ̀. Fádèyí gan-an ń wo ilẹ̀.

Ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná ń kọjá lọ sílé tiẹ̀, kò tiẹ̀ bu omi. Ẹnu ìyá yìí làwọn àgbà ti gba òwe tí wọ́n fi ń bá wa wí títí dòní. Ó wo ògiri tó wó, ó wo Ọdẹ́rìndé, ó ní:

"Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀."