Àdá Méjì Níwájú Ògúnṣakin

Ìlara ń jẹ Ògúnṣakin alágbẹ̀dẹ bí iná ṣe ń jẹ èédú, nítorí àdá Àjàgbé, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ni àwọn àgbẹ̀ ń bèèrè. Nígbà tí Àjàgbé kọ́ṣẹ́ parí, ọ̀gá rẹ̀ búra níwájú àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú pé, “Ọjọ́ tí mo bá fẹnu ara mi sọ pé iṣẹ́ rẹ dára ju tèmi lọ ni n ó dá ọ sílẹ̀.” Àjàgbé dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ ìpàdé wọn, ó gbé àdá méjì tí èèkù wọn jọra kalẹ̀. “Bàbá, ọ̀kan tiyín, ọ̀kan tèmi. Èwo ló dára jù?” Ògúnṣakin fi ọmọ owú lù wọ́n, ó gbé èyí tó dún gooro sókè. “Tèmi nìyí! Ìyẹn ò lè gé gbọ̀ọ̀rọ̀.” Ìdí irin, lábẹ́ èèkù, ni alágbẹ̀dẹ máa ń lu àmì rẹ̀ sí, Àjàgbé bá yọ èèkù méjèèjì. Àmì ọ̀gá wà lára èyí tí ò lè gé gbọ̀ọ̀rọ̀. Ẹ̀rín pa àwọn àgbà. “Ògúnṣakin, o ti fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Dá ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!” Ó dá a sílẹ̀, àmọ́ títí dòní, kì í yin àdá kankan láìkọ́kọ́ yọ èèkù rẹ̀ wò.