Ìbọn Alágbọ̀n àti Ọta Tí Kò Sí Lọ́jà

Akínlọ́tán fi ìbọn kan ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ọdẹ́lànà. Ó mọ̀ pé ọta ìbọn náà kò sí lọ́jà mọ́, kò sì sọ. Ìbọn ṣakabùlà tí bàbá Ọdẹ́lànà fi sílẹ̀ fún un ni ó gbà dípò rẹ̀, pẹ̀lú àgbò ọlọ́ràá kan.

Ìbọn tí Ọdẹ́lànà gbé lọ sílé lẹ́wà. Ìbọn ayé àtijọ́ ni, igi ìdí rẹ̀ pọ́n bí epo, irin kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọdẹ máa ń fà sílẹ̀ kí ọta tó gòkè. Nítorí pé irin náà ń là, ó ń pa dé, bí àgbọ̀n ẹni tó ń jẹun, ni wọ́n fi ń pè é ní Alágbọ̀n. Ọta mélòó kan bá a wá. Ọdẹ́lànà kò béèrè bóyá òmíràn wà, nítorí èèwọ̀ àwọn ọdẹ ìlú náà ni: a kì í bi ọdẹ léèrè ohun tó kù nínú àpò rẹ̀. Àwọn àgbà fi èèwọ̀ yìí bo àṣírí ara wọn. Akínlọ́tán fi í bo irọ́.

Ọdẹ́lànà pa ìgalà, ó pa túùkú. Nígbà tí ó ku ọta kan ṣoṣo, ó mú un lọ bá obìnrin tó ń ta ẹ̀tù àti ọta. Obìnrin náà yí i lọ́wọ́ títí, ó kó oríṣiríṣi ọta tirẹ̀ jáde, ó fi wọ́n wé e. Àwọn kan sanra jù, àwọn kan tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

"Ọlọ́dẹ, ta ló ta eléyìí fún ọ?" ni ó wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó síbí, mi ò rí irú rẹ̀ rí. O ra ẹṣin tí koríko rẹ̀ ti tán láyé."

Ọdẹ́lànà gba ilé Akínlọ́tán lọ. Ó bá a níbi tó ti ń fi epo pa ṣakabùlà bàbá Ọdẹ́lànà lára.

"Bàbá, ẹ kò sọ fún mi pé ọta rẹ̀ kò sí mọ́."

Akínlọ́tán rẹ́rìn-ín. "Ṣé o bi mí ni?"

"Ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ni kí n bi yín."

"Èèwọ̀ ni kí o lọ bá jà nígbà náà, má bá mi jà. Fi igi ìdí rẹ̀ gún iyán, ó le dáadáa."

Ẹran kò wọ ilé Ọdẹ́lànà mọ́. Ẹ̀fọ́ lásán ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi jẹ ọkà. Nígbà náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan láti abúlé kejì rí Alágbọ̀n lára ògiri, ó sì wọ̀ ọ́ lójú. Ó ní òun yóò fi ìbọn tòun àti òbúkọ kan gbà á. Kò béèrè ọta. Ọmọ ọdẹ ni òun náà. Kí Ọdẹ́lànà ṣáà dákẹ́, bí wọ́n ti dákẹ́ fún òun náà, ebi yóò kúrò nílé rẹ̀.

Ó ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà fún òun láyè. Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹfúndùnkẹ́ lọ, arúgbó tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún yẹ ọ̀rọ̀ wò nílé Òrìṣà.

Ìyá da owó ẹyọ sórí atẹ. Mẹ́ta ṣíjú sókè. Odù Ògúndá ni. Ó ní:

Irin kò jẹun, ebi ń pa irin;
Ẹnu kò sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń kẹ̀ nínú;
A dá a fún ọdẹ tó ra ohun tí ẹni tó mọ̀ kò wí.

"Ẹbọ ni kí o rú," ni Ìyá wí. "Àkùkọ, iṣu sísun, ẹmu, àti ọta kan tó kù lọ́wọ́ rẹ."

"Ìyá, ọta yẹn nìkan ni mo ní."

"Ìdí tí Ògún fi béèrè rẹ̀ nìyẹn. Gbé e sí ojúbọ Ògún, níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i. Kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ àbùkù ìbọn náà níwájú ẹni tó fẹ́ rà á."

"Bí mo bá sọ ọ́, kò ní rà á mọ́."

"Kò ní rà á."

"Kí ni a ó wá jẹ?"

Ìyá kó ẹyọ rẹ̀ jọ. "Mi ò sọ fún ọ pé ẹbọ kì í dunni, ọmọ mi."

Kí Akínlọ́tán tó ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, òun náà ti jókòó síwájú atẹ yìí. Ògúndá kan náà ni ó yọ sí i, ẹbọ kan náà ni a yàn fún un. Ó ní òun kò ní fi àkùkọ ṣòfò nítorí ìbọn tó ti kú, nígbà tí òmùgọ̀ kò tíì tán láyé.

Ọdẹ́lànà rúbọ. Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn ọdẹ, tí ọ̀dọ́kùnrin náà fa òbúkọ rẹ̀ wá, Ọdẹ́lànà gbé ọta náà sórí irin Ògún lójúbọ, ó sì dìde.

"Ẹ wò ó. Ìbọn mi dára lójú, ṣùgbọ́n irú ọta yìí nìkan ni ó ń jẹ, kò sì sí lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó ti mọ̀."

Ọ̀dọ́kùnrin náà fa òbúkọ rẹ̀ padà sílé. Akínlọ́tán ń rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀wù.

Ọta náà wà lójúbọ, oòrùn ń ta sí i lára. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń lọ sódò ń gbà kọjá. Àwẹ̀ró, opó ọdẹ kan, dúró, ó wò ó, ó sọ korobá rẹ̀ kalẹ̀, ó sì yí padà sílé. Nígbà tí ó dé, àpótí páànù kan tí eruku àjà ti bò ni ó rù wá. Ọta Alágbọ̀n ló kún inú rẹ̀. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ lò kí ìbọn náà tó bọ́ sódò mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí a lè fi ọta náà ṣe mọ́.

"Bí ẹ kò bá gbé e síta," ni Àwẹ̀ró wí, "níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan ń wá a?" Ó kó gbogbo rẹ̀ fún Ọdẹ́lànà, kí ó máa fi itan ẹran ránṣẹ́ sí òun nígbàkígbà tó bá pa á.

Ẹran padà wọ ilé Ọdẹ́lànà, ó sì ń dé ilé Àwẹ̀ró pẹ̀lú. Gbogbo ọdẹ mọ ilé tí Alágbọ̀n ti jáde, nítorí náà kò sí ẹni tó tún bá Akínlọ́tán ra ohunkóhun, ì báà ṣe ọ̀bẹ. Ẹni tó rúbọ, ayé rẹ̀ tòrò. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín ń ka àbámọ̀ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Akínlọ́tán gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká wá. "Ọmọ mi, gba ìbọn bàbá rẹ, kí o dá tèmi padà."

Ọdẹ́lànà kò bú u. Ó bọ́ àpò ọdẹ rẹ̀ lọ́rùn, ó tú u sílẹ̀ pátápátá, ó sì ya àwọn ọta kan sọ́tọ̀.

"Ohun tó kù nínú àpò mi nìyí, Bàbá. Àwọn wọ̀nyí ti dípẹtà, wọn kò ní dún. Ẹ kò bi mí, èmi ni mo sọ. Ẹ tú tiyín náà, ká tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

Ọwọ́ Akínlọ́tán dé orí okùn àpò rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ọdẹ́lànà fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó ń retí.