Ìdí Tí A Kì Í Fi Í Bi Ọwọ́ Léèrè Ìrìn Ẹsẹ̀

“A kì í bi ọwọ́ léèrè ìrìn ẹsẹ̀.” Bí wọ́n bá pa òwe yìí ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àlejò á wo ọwọ́ ara rẹ̀, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní yé e. Kí ló kan ọwọ́ nínú ìrìn? Ta ló tiẹ̀ bi ọwọ́ ní nǹkan? Ṣẹ̀san, ọmọ Ìyá Onígààrí, ni. Ó ṣojú mi kòró, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Ìlọrin ni Ṣẹ̀san ti ń ṣiṣẹ́. Bánkẹ́, ìyàwó rẹ̀, wà níbí lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni ó fi bí Dire, àkọ́bí wọn. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ tíì pọn ọmọ, ṣùgbọ́n kó máa rìn dáadáa lójoojúmọ́, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ṣẹ̀san, ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ju oúnjẹ lọ, bá fi nǹkan méjì ránṣẹ́: kẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n ń tì, àti aago ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀. Iye tí aago bá kà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, orí fóònù rẹ̀ ní Ìlọrin ló ń já sí.

Nígbà tí Màmá rí kẹ̀kẹ́ náà, ó pariwo: “Ọmọlanke! Ṣé iṣu ni ẹ fẹ́ fi kó ni, àbí ọmọ-ọmọ mi?”

Láràárọ̀ ni Bánkẹ́ ń ti Dire lọ sí gáréèjì, tí yóò tì í padà, lójú títì gbágungbàgun wa yẹn. Bó bá ti délé, fóònù á dún.

“Ìyá Dire, igba ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́wàá péré! Ṣé inú yàrá lo ti ń rìn ni?”

“Bàbá Dire, mo dé gáréèjì, mo padà. Ẹ wò ó, ẹsẹ̀ ń ro mí.”

“Ẹ̀rọ kì í purọ́. Èèyàn ló ń purọ́.”

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Ṣẹ̀san ní bí aago náà kò bá ka ẹgbàárin kó tó di ọjọ́ Àìkú, bàbá Bánkẹ́ ni òun máa fẹjọ́ sùn. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ohun méjì ló sì kórìíra jù láyé: irọ́ àti ọ̀lẹ. Bánkẹ́ sunkún. Kì í ṣe ìrìn ló dùn ún. Pé ọkọ rẹ̀ gba aago gbọ́ ju òun lọ ló dùn ún.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó bọ́ aago náà sílẹ̀ kó lè wẹ ọmọ. Màmá rí i tó ń dán, ó ní ẹ̀gbà ọwọ́ yìí wu òun, ó fi sọ́wọ́, ó sì lọ jókòó ti agbada gààrí rẹ̀. Ó ń fi igbá ro ó lọ, ó ń ro ó bọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ṣẹ̀san pè, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀.

“Ìyá Dire! Ẹgbàáje! Ṣé o rí i pé ìhàlẹ̀ dára? Níbo lo rìn dé?”

Bánkẹ́ wo ọ̀rùn ọwọ́ Màmá. Ó rọra na fóònù sí i.

“Ṣẹ̀san, ọwọ́ mi ni aago wà. Láti àárọ̀ tí mo ti ń yan gààrí, n ò dìde lórí àpótí, àfi ẹ̀ẹ̀kan tí mo lọ tọ̀.”

“Màmá, ẹ̀rọ kì í...”

“Panu mọ́! Máa bọ̀ lọ́la.”

Ó dé lóòótọ́. Kó tó rí ẹjọ́ kankan fi sùn, àna rẹ̀ ti jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, Màmá ló ránṣẹ́ pè é. Màmá de aago mọ́ Ṣẹ̀san lọ́wọ́, ó ní kó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ọmọlanke mú, kó ti ọmọ rẹ̀ lọ sí gáréèjì kó sì tì í padà. Gbogbo àdúgbò ló jáde wá wòran, èmi náà kò sì gbẹ́yìn. Ìgbà tó fi padà, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó na ọwọ́ sókè kí gbogbo wa lè rí i, òun náà sì wò ó. Ọgọ́fà! Ó gbá aago náà, ó fi ṣòkòtò nù ún, ọgọ́fà náà ni.

“Mo rìn! Ẹ̀yin ará àdúgbò, ṣé ẹ ò rí mi ni?”

Àna rẹ̀ wọ awò ojú rẹ̀, ó wo aago náà dáadáa. “Ọmọ mi, ọgọ́fà kò ju ibí sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ.”

“Ọwọ́ ni nǹkan yìí ń kà,” Màmá dáhùn. “Ọwọ́ mi ń lọ ń bọ̀ nínú agbada, ó pè é ní ìrìn. Ọwọ́ ìyàwó ẹ di ọmọlanke mú, kò fì, ó ní kò rìn. A kì í bi ọwọ́ léèrè ìrìn ẹsẹ̀!”

Ṣẹ̀san dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ìyá Dire, má bínú. Jọ̀ọ́, fún mi lómi tútù.”

“Omi kẹ̀?” ni Bánkẹ́ wí. “Ta ló rìn tí òùngbẹ ń gbẹ? Aago ní ẹ ò tíì kúrò nílé.”

Ṣẹ̀san mu omi ṣá, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló lọ bù ú. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá jókòó sí òkèèrè tó ń fi ẹnu ẹlòmíràn wọn làálàá ẹni tó ṣiṣẹ́, a ó ní kó lọ bi ẹni tó rìn léèrè. A kì í bi ọwọ́ léèrè ìrìn ẹsẹ̀.