Àtẹ́lẹwọ́ Mẹ́ta Tí Ayàwòrán Ọkọ̀ Ní

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ yíyà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í wa ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kì í sì í tún un ṣe. Òun ló máa ń jókòó ti bébà, tí yóò ya ọkọ̀ tí kò tíì sí láyé, kí àwọn yòókù tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ní ilé iṣẹ́ ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́, Ayàwòrán ni gbogbo ènìyàn ń pè é, débi pé àwọn mìíràn kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ayàwòrán yìí ní ìyá ní abúlé. Orúnkún ìyá náà méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lè rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹsẹ̀ gun ohunkóhun. Oṣooṣù ló ní láti lọ rí dókítà ní ìlú, ọkọ̀ akẹ́rù gíga ló sì ń ná ọ̀nà ibẹ̀. Ọkùnrin méjì ló máa ń gbá a mú lábíyá, tí wọn á fà á sókè sínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìró rẹ̀ tú níbi tí wọ́n ti ń fà á, lójú gbogbo èrò. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì jókòó. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lọ rí dókítà mọ́, àìsàn sì ń jẹ ẹ́ lára.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó sunkún. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ya ọkọ̀ kan. Ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà kò ga ju bulọ́ọ̀kù kan tí a fi lélẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà fi lè wọlé bí ẹni ń wọ yàrá ara rẹ̀. Ìdí tó fi ya ọkọ̀ náà nìyẹn. Kò sí ìdí mìíràn níbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Lẹ́yìn tó ya ilẹ̀ àti ilẹ̀kùn tán, ó fi òrùlé gíláàsì lé e, kí èrò lè máa wo ojú ọ̀run. Ó fi iná iwájú tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó wá fi ọ̀dà aláwọ̀ bàbà kùn ún. Ọkọ̀ náà dára. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó dára gan-an ni.

Wọ́n ṣe ẹyọ kan péré, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ọkọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe títà. Ọkọ̀ àfihàn ni wọ́n ń pè é, wọ́n kàn fi ń sọ fún ayé pé ohun báyìí ń bọ̀ lọ́nà ni. Èrò ya bò ó. Àwọn akọ̀ròyìn ń ya òrùlé ní fọ́tò. Àwọn ọ̀dọ́ ń tan iná rẹ̀, wọ́n ń pa á, wọ́n tún ń tàn án. Àwọn obìnrin olówó ń fọwọ́ pa ọ̀dà bàbà náà lára. Odidi ọjọ́ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ ọkọ̀ tó wálẹ̀. Kí ni wọn ì bá sọ? Orúnkún gbogbo wọn ló le. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọn kò sì mọ̀ pé ẹnìkan ti mú kí wíwọlé náà rọrùn fún àwọn.

Nígbà tí àwọn ará ilé iṣẹ́ padà dé láti ibi ìpàtẹ, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọkọ̀ náà fún títà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Kò sí ọkọ̀ àfihàn tó ń dé ọwọ́ ẹni tó rà á bó ṣe wà níbi ìpàtẹ. Ẹni tó ń bójú tó òfin á ní kí wọ́n yọ tibí, ẹni tó ń ra irin á ní kí wọ́n dín tọ̀hún kù. Wọn kì í ṣe ìkà. Kò sí kòtò lórí bébà, ọkọ̀ tòótọ́ sì ní láti gba inú kòtò kọjá.

Wọ́n ní àṣà kan nílé iṣẹ́ náà. Wọ́n á fi amọ̀ mọ ọkọ̀ náà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, wọ́n á gbé e sáàárín yàrá ńlá. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á mú ṣọ́ọ̀kì pupa wá, á fa ilà sí ohun tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ. Ṣùgbọ́n ayàwòrán ní ẹ̀tọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta. Á ti ọwọ́ bọ ọ̀dà funfun, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara amọ̀. Ohun tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ti wà lára rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ yọ ọ́, dandan ni kí wọ́n wá bí yóò ṣe ṣeé ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni. Kò sí ẹ̀kẹrin, bó tilẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n yọ àwọn àga tó ń yí tó yà sínú rẹ̀, Ayàwòrán gbà. Wọ́n dín táyà kù, ó gbà. Nígbà tí wọ́n fa ilà sí iná iwájú, ó rántí àwọn ọ̀dọ́ ibi ìpàtẹ, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ kan mọ́ ọn. Àwọn tó ń kun ọkọ̀ sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀dà bàbà yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó dúró, pé wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó tẹ èkejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Lójú ara rẹ̀, ó ń gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ló wá kẹ́yìn. Obìnrin ni, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fa ilà méjì. Ọ̀kan wà lára òrùlé gíláàsì, ó ní oòrùn yóò mú àwọn èrò jù lábẹ́ rẹ̀. Èkejì wà lára ilẹ̀ ọkọ̀, ó ní yóò máa ha ojú ọ̀nà, àti pé bí wọ́n bá gbé e sókè, àyè á wà fún táǹkì epo lábẹ́ rẹ̀.

“Ọwọ́ kan ló kù fún yín,” ni obìnrin náà wí. “Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ yìí, a ó wá ibòmíràn gbé táǹkì sí. Á nira fún wa, ṣùgbọ́n a ó ṣe é.”

“Òrùlé wá ńkọ́, mà?”

“Òrùlé á lọ. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ta ló ń ṣe láǹfààní?”

Ayàwòrán wo ara ògiri, níbi tí wọ́n lẹ àwọn fọ́tò inú ìwé ìròyìn mọ́. Òrùlé ló wà nínú gbogbo wọn. Ó rò ó pé bí òrùlé bá lọ, àwọn ènìyàn á ní ọkọ̀ tí àwọn rí kọ́ nìyí. Ilẹ̀ tí wọ́n bá gbé sókè díẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ó mọ ẹni tí yóò mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì mú ọkàn kúrò níbẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á kan àpótí kékeré kan fún ìyá òun, tí yóò máa fi gun ọkọ̀. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ òrùlé.

“Ṣé ẹ ti rò ó?” ni obìnrin náà bi í.

“Mo ti rò ó, mà.”

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ náà jáde. Àwọn ènìyàn ń dù ú rà. Ilé iṣẹ́ fún Ayàwòrán ní ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́, ó sì wà á lọ sí abúlé láti gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìyá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò jáde wá wò. Ó ti sọ fún gbogbo wọn pé ọmọ òun ṣe ọkọ̀ tí òun lè fi ẹsẹ̀ ara òun wọ̀.

Ọmọ ṣí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ ọkọ̀ ga dé orúnkún ìyá rẹ̀. Ó sáré gbé àpótí kékeré sílẹ̀. Ìyá dì mọ́ ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀, kò dé orí àpótí. Ó tún un gbé, òógùn bò ó lójú. Àwọn ọkùnrin méjì kan bọ́ síwájú láti gbá a mú lábíyá bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìyá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìró rẹ̀ mú.

“Ọkọ̀ rẹ dára, Àdìgún,” ni ìyá wí. “Èmi ni mo ṣebí o ń ṣe é fún.”

Ó yíjú padà, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ilé. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé kò lè tẹ̀lé e wọlé.

Nígbà tó padà dé ibi iṣẹ́, ó lọ bẹ ọ̀gá àwọn ẹnjiníà pé kó bá òun mú ilẹ̀ ọkọ̀ wálẹ̀. Obìnrin náà kò bá a wí. Ó kàn ṣàlàyé fún un pé wọ́n ti gbẹ́ irin tí wọ́n fi ń tẹ ara ọkọ̀ náà jáde, wọn kò sì ní tún òmíràn gbẹ́ títí ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ kò ní ọdún mẹ́fà láti dúró.

Ìwọ tí o wá bá mi lónìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe olórí ilé ìwé ni. O ti ka gbogbo ohun tí o fẹ́ ṣe sí mi létí. Mo gbọ́ nípa ẹgbẹ́ akọrin, mo gbọ́ nípa ọgbà òdòdó àti aṣọ tuntun. Mo sì gbọ́ ibi tí o ti sọ pé ọmọ tí kò tètè mọ ìwé ni yóò máa jókòó níwájú, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó dára jù. Àwọn tó ń bójú tó owó àti òfin yóò yọ púpọ̀ kúrò nínú ètò rẹ. Má ṣe bínú sí wọn, bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn òbí á yin akọrin fún ọ, wọ́n á yin òdòdó, kò sì ní sí ẹni tí yóò yin àga iwájú yẹn, nítorí àwọn ọmọ tí o ṣe é fún kò tíì mọ bí a ṣe ń yin ènìyàn. Bí o bá délé, kọ orúkọ ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀, ọmọ tó jẹ́ pé tìtorí rẹ̀ lo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọmọ náà nílò ni kí o kọ́kọ́ tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́, kí ìyìn tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kù, jẹ́ kí wọ́n máa yọ ọ́.