Ẹja Bàbà Sífáwù

Ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹ wo Sífáwù, aládùúgbò mi. Agolo bàbà àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe oúnjẹ ní ìrísí ẹja àti òdòdó ló ń rà kiri. Ó kó wọn kọ́ ara ògiri, ó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ wọ́n. Àwo ìjẹun rẹ̀ kò ju méjì lọ.

Lọ́jọ́ tí àwọn àna fẹ́ wá tọrọ Rísìkátù, ọmọ rẹ̀, a ti gbọ́ pé ìyá ọkọ kì í fẹ́ ọmọ ilé ahun. Mo lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, mo gbé e dé ilé Sífáwù. Kò sí ewé, kò sí agolo mílíìkì.

Mo bá ń tú àwọn bàbà ara ògiri tí inú wọn ṣì funfun, tí kò ní ba oúnjẹ jẹ́.

"Màmá, wọ́n á dúdú o," ni Sífáwù wí.

"Ṣé kí ọkọ ọmọ rẹ lọ ni?"

Mọ́ínmọ́ín kan jáde bí òdòdó, òmíràn bí ẹja. Nígbà tí àwọn àna dé, inú ìyá ọkọ dùn, ó gbé agolo ẹja náà mọ́ra. "Àna mi, èmi á mú èyí lọ."

Sífáwù rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìborùn nù ún. "Rísìkátù ni mo fún yín, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹja mi sílẹ̀."

Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọmọ ilé tí wọ́n ti ń ṣìkẹ́ bàbà báyìí á mọ ilé tọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú Sífáwù lọ ra àwo mẹ́fà. Ó ra méjì, ó fi owó ìyókù ra ife bàbà.